Orúkọ Tí Mo Pè Lórí Afárá Pákó

Ọjọ́ kan wà tó lẹ̀ mọ́ mi lọ́kàn bí ẹrẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun: mo ti fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Tí mo bá rántí rẹ̀, inú á kọ́kọ́ bí mi, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín á wá máa pa mí. Ṣùgbọ́n inú ló máa ń kọ́kọ́ bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn tààrà, kí ẹ má bàa rò pé ìtàn ẹ̀rín lásán ni mo fẹ́ sọ.

Ladi-Lak ní Bàrígà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń ká bébà tí wọ́n bá tẹ̀ tán, tí mo ń tò ó tẹ̀ léra, tí mo sì ń dì í di ìwé. Iṣẹ́ tí kò gba ariwo ni. Bóyá òun ló sọ mí di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bóyá bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí ojú ewé kan bá ṣáájú èkejì láìtọ́, ojú mi á rí i kíá, ara mi ò sì ní balẹ̀ títí n ó fi tún un tò. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èèyàn ló ṣáájú láìtọ́, ẹnu mi kì í gbé e.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ mi. Ó ní àbúrò obìnrin kan tó ń gbé ní Ìbàdàn, tó ń ta léèsì. Mo ju obìnrin yìí lọ dáadáa. Mo ti ń kọ́ṣẹ́ nígbà tí òun ṣì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ilé Yorùbá mọ̀ pé ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń wọn ìyàwó. Ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí mi nínú ilé náà. Ẹni tí wọ́n bá ti bí síbẹ̀ kí n tó dé, ẹ̀gbọ́n mi ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, n kì í pe orúkọ rẹ̀. Mo fún un ní orúkọ tí èmi á máa pè é, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ṣe máa ń ṣe: Ìbàdíàrán. Láti ọjọ́ náà, Ìbàdíàrán ni mo ń pè é, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Òun a máa pè mí ní "ìyàwó wa", a sì máa fi "o" bá mi sọ̀rọ̀. Kò dùn mí rí. Ìbàdíàrán, orúkọ tó dára ni, bí ẹni tó ń jẹ́ ẹ bá ti dára.

Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, Ìbàdíàrán wá kí wa. Mọ́rẹ́nikẹ́, àbíkẹ́yìn mi, ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Ó ku ìdánwò ìṣirò nìkan tí yóò tún ṣe, ó sì ń lọ sí lẹ́sìn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́. Kò sí nǹkan mìíràn tó ń sọ láti kékeré. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Fúráìdé, mo ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ tí Ìbàdíàrán ń sọ fún ọkọ mi ní pálọ̀ pé òun á mú Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó ní kó wá máa bá òun dúró ní ṣọ́ọ̀bù, kó sì máa mójú tó àwọn ọmọ òun; tó bá yá, àwọn á jọ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn.

Mo dá ọwọ́ dúró kí n lè gbọ́ ohun tí ọkọ mi máa sọ.

Ó ní, "Kò burú."

Abọ́ wà lọ́wọ́ mi, n kò lè fọ̀ ọ́, n kò lè gbé e sílẹ̀. Èmi tí mo lóyún ọmọ, tí mo bí i, tí mo tọ́ ọ, n kò jìnnà sí wọn ju fèrèsé kan lọ. Kò sí ẹni tó ní, "Ẹ jẹ́ ká pe ìyá rẹ̀." Inú bí mi débi pé omi ọṣẹ gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n n kò wọlé lọ bá wọn. Mo pinnu pé n ó bá Ìbàdíàrán sọ ọ́ fúnra mi, èmi àti òun nìkan, kí Sọ́ńdè tó pé. Tí òun bá ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ọkọ mi á tún ní kò burú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, Ìbàdíàrán ní òun fẹ́ lọ wo igbó kan lọ́nà Lẹ́kí. Ó rí i lórí fóònù: igbó irà tó wà nítòsí òkun, tí wọ́n fi pákó ṣe afárá gba inú rẹ̀, tí èèyàn á rìn yí po, tí á sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ láìfẹsẹ̀ kan omi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti lọ ya fọ́tò níbẹ̀, fọ́tò náà sì ti ń dà á láàmú.

"Ìyàwó wa á mú mi lọ," ó sọ fún ọkọ mi.

Ọkọ mi ní kò burú. Kò sóhun tó burú lójú ọkùnrin náà lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ lè má gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Mo ní lọ́kàn mi pé, ibo ló tún dára jù láti sọ̀rọ̀ ju inú igbó tó pa rọ́rọ́ lọ, níbi tí kò sí àlejò, tí kò sí tẹlifíṣọ̀n? Mo to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu bí mo ṣe ń to ìwé. N ó kọ́kọ́ dúpẹ́ pé ó rántí ọmọ wa. N ó sọ pé ọmọ ní ìdánwò. N ó wá sọ pé kò ní lè wá. Ohun tí n kò rò ni bí afárá náà ṣe fẹ̀ tó.

Ìbàdíàrán wọ léèsì àwọ̀ ojú ọ̀run, ó wé gèlè, ó sì wọ bàtà gogoro tí gìgísẹ̀ rẹ̀ tínrín bí ìṣó. Èmi gbé báàgì rẹ̀, mo gbé kúlà oúnjẹ, mo fi agboòrùn há abíyá, mo sì di fóònù tí n ó fi máa yà á mọ́wọ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wò wá látòkè délẹ̀.

"Mọ̀mí, bàtà yẹn ò dáa fún pákó o," ó sọ fún un. "Oúnjẹ yẹn náà, ẹ má ṣí i lọ́nà. Àwọn ọ̀bọ ibí ò lójú tì."

"Ọ̀bọ wo ló fẹ́ gba oúnjẹ lọ́wọ́ èmi?" Ìbàdíàrán dáhùn. "Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́!"

"Àwọn náà ò mọ Ògbómọ̀ṣọ́, mà. Tí ẹ bá ti rìn yí po, ẹ ó rí àmì ọfà kan. Ẹ yà sí òsì, ẹ ó já síbí padà. Tí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ta okùn dí, ẹ má gbabẹ̀ o, wọ́n ń tún un ṣe lọ́wọ́."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì fi sọ́kàn. Ìbàdíàrán ń tún gèlè ṣe.

Afárá náà kò gba ẹni méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹnì kan ní láti ṣíwájú, kí ẹnì kejì tẹ̀ lé e. Ẹ sì mọ ẹni tí yóò ṣíwájú. Bí mo ṣe bá ara mi lẹ́yìn nìyẹn, tèmi ti ẹrù, tó wá di pé ìpàkọ́ gèlè ni mo fẹ́ máa sọ ọ̀rọ̀ tó le jù láyé mi fún.

Igbó náà dára, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Omi abẹ́ wa dúdú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Igi ògùrọ̀ na imọ̀ wọn bo ojú ọ̀nà, atẹ́gùn tutù, ó sì ń rùn bí ewé tó ti pẹ́ nínú omi. Awọ́nrínwọ́n kan nà sórí gbòǹgbò, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ká ní èmi nìkan ni, ǹ bá jókòó síbẹ̀ di ọ̀sán.

"Ìbàdíàrán mi," mo bẹ̀rẹ̀, "ẹ ṣé gan-an lórí ọ̀rọ̀ Mọ́rẹ́nikẹ́, àmọ́—"

"Dúró níbẹ̀!"

Mo rò pé ó ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

"Ibí yìí dáa. Kọjá síwájú, kí o yà mí."

Mo fún ara mi mọ́ ọwọ́ afárá, igi tí wọ́n fi dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kúlà lórí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìyàwó lè ṣíwájú ọmọ ilé o, tó bá ti jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń fi rìn.

"Sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi ò hàn. Sún sẹ́yìn sí i. Sún!"

Mo sún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wọ àlàfo àárín pákó méjì, okùn sálúbàtà mi já, sálúbàtà náà sì bọ́ sómi. Ó léfòó díẹ̀ bí ẹni tó ń rò ó bóyá kóun padà wá, lẹ́yìn náà ó rì. Eékún mi bó. Mo di ọwọ́ afárá mú, mo ń mí gúlegúle.

"Ṣé fọ́tò yẹn ò gbọ̀n?" Ìbàdíàrán bi mí.

Mo bọ́ èkejì sọ́wọ́, mo sì ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ. Kò pẹ́ tí bàtà tirẹ̀ náà fi há sáàárín pákó. Ó dúró lẹ́sẹ̀ kan, ó di orí mi mú bí ẹni di ọ̀pá mú, èmi sì kúnlẹ̀, mo ń yọ gìgísẹ̀ bàtà. Mo ní lọ́kàn mi pé àyè rèé, kò lè sá lọ.

"Ìbàdíàrán, Mọ́rẹ́nikẹ́ yìí ní ìdánwò ìṣirò—"

"Rọra o! Tí gìgísẹ̀ yẹn bá kán, mi ò ní gbà!"

Mo yọ ọ́. Kò kán. Eyín mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kán, bí mo ṣe ń payín keke.

Nígbà tí a dé ibi bẹ́ǹṣì kan, ó ní ebi ń pa òun. Mo rán an létí ohun tí ọ̀gbẹ́ni ẹnu ọ̀nà sọ. Ó ní, "Ṣé òun ló se é ni?" Ó ṣí kúlà fúnra rẹ̀. Ìdérí kò tíì kan ilẹ̀ tí ọ̀bọ kan fi já lulẹ̀ látorí igi, ó mú móínmóín ọ̀kan, ó sì lọ jókòó sórí ọwọ́ afárá. Kò sáré. Ó tú ewé rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé, ó sì ń jẹ ẹ́.

"Lé e! Ìyàwó, lé e!"

Mo wo ọ̀bọ náà. Ó wò mí. Nínú àwa mẹ́ta tí a wà níbẹ̀, òun nìkan ló sọ ohun tó fẹ́ tí wọ́n sì gbọ́. N kò lé e. Kí a tó pa kúlà dé, ẹbí rẹ̀ ti dé, móínmóín sì ti tán.

Lẹ́yìn èyí ni a dé ibi àmì ọfà. Ó hàn gbangba, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún.

"Òsì ni wọ́n ní ká yà, ẹ jọ̀ọ́," mo wí.

"Ọ̀tún ni oòrùn wà. Fọ́tò fẹ́ oòrùn." Ó yà sí ọ̀tún.

Mo tẹ̀ lé e. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyí tí mo bá rántí: mo mọ ọ̀nà, mo sì tẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́, a kọjá lára awọ́nrínwọ́n lórí gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà, mo rí bẹ́ǹṣì wa, ewé móínmóín wa sì fọ́n ká sábẹ́ rẹ̀.

Ìbàdíàrán fi ọwọ́ bo imú. "Wo bí àwọn èèyàn ṣe dọ̀tí," ó ní. "Wọ́n jẹ móínmóín, wọn ò lè kó ewé. Àwọn ará Èkó yìí náà!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbé e yẹ̀ wò. Kí ni kí n sọ? Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa ewé.

Ibi tí mo ti ń ṣà á ni fóònù rẹ̀ ti dún lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ni. Ó gbà á, ó sì jókòó, ó fi ohùn tó lè dé Ẹ̀pẹ́ sọ̀rọ̀.

"Mo ti rí ẹni tó máa wà ní ṣọ́ọ̀bù o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ń bọ̀ lọ́la... Hẹn-ẹn, èyí tó wà lọ́dọ̀ mi, ojú ẹ̀ ti là jù, ó ti ń béèrè ọjọ́ ìsinmi... Lẹ́sìn kẹ̀? Tó bá lọ sí lẹ́sìn, ta ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù? Tó bá ti wà lọ́dọ̀ mi fún ọdún díẹ̀, á ti gbàgbé nọ́ọ̀sì... Ìyá ẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa? Ìyàwó wa kì í sọ̀rọ̀. Ibi tá a bá gbé e sí ló máa ń wà."

Mo wà níbẹ̀. Mo wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì tó jókòó lé, ewé móínmóín wà lọ́wọ́ mi, ewé tí kì í ṣe èmi ni mo jù sílẹ̀. Kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ká ní ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, bóyá ǹ bá ní ó bọ̀wọ̀ fún mi. Mo dìde, mo kó ewé sínú kúlà, mo sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ṣa ewé ló dìde yẹn.

Ó ti ń rẹ Ìbàdíàrán báyìí. Ó ń ráhùn pé igbó yìí ò lópin, pé ó yẹ kí wọ́n ti kọ ọ́ síta pé ó jìn tó báyìí. Nígbà tí a dé ibì kan tí afárá ti yà, tí wọ́n ta okùn dí ọ̀nà, ó gbọ́ ìró mọ́tò lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ẹnu ọ̀nà rèé," ó ní. Ó gbé okùn náà sókè, ó sì bọ́ sódì kejì.

Mo wo iwájú rẹ̀. Pákó mélòó kan ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kàn tò wọ́n lélẹ̀ ni. Kò sí ìṣó lórí wọn. Lẹ́yìn wọn, omi dúdú lásán ni. Ó gbé ẹsẹ̀. Mo la ẹnu láti pè é, mo sì ti dé "Ìbà—" nígbà tí mo rí i pé orúkọ náà ti gùn jù. Kí n tó pè é dé "àrán", á ti wà nísàlẹ̀.

"Fúnkẹ́!" mo pariwo. "Dúró!"

Ó dúró lóòótọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lókè, bí àkùkọ. Kì í ṣe ewu ló dá a dúró, orúkọ yẹn ni. Ó yí padà sí mi pẹ̀lú ojú ńlá.

"Ta lo pè ní Fúnkẹ́?"

Yíyí tó yí yẹn ló bá a jẹ́. Gìgísẹ̀ rẹ̀ tẹ etí pákó, pákó náà dìde sókè, Ìbàdíàrán sì lọ sínú irà pẹ̀lú ìró tí n kò lè kọ sílẹ̀. Kò jìn, itan ló mu ún dé. Léèsì rẹ̀ tẹ́ sórí omi yí i ká bí ewé òṣíbàtà. Mo ju ẹrù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó tó dúró ire, mo na ọwọ́ sí i.

"Ẹ mú ọwọ́ mi."

"Mo ní ta lo pè ní Fúnkẹ́? Ìwọ? Ìyàwó?"

"Ẹrẹ̀ ń fà yín lọ sísàlẹ̀!"

"Kó máa fà mí! Kọ́kọ́ tọrọ àforíjì!"

Sùúrù mi tán níbẹ̀. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ fúnra mi, mo dì í mú gírígírí.

"Fúnkẹ́," mo tún pè é, ohùn mi ò tiẹ̀ le mọ́. "Mọ́rẹ́nikẹ́ ò bá ẹ lọ sí Ìbàdàn. Kò lọ lọ́la, kò lọ lọ́tùn-únla. Ìdánwò ló máa ṣe, nọ́ọ̀sì ló máa kọ́. Kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ. Èmi ni ìyá rẹ̀, o ò sì béèrè lọ́wọ́ mi."

Ó fi ọwọ́ kejì nu ẹrẹ̀ kúrò lójú.

"Fà mí," ó wí.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo ní kí o fà mí!"

N kò jù ú sílẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín. Ṣùgbọ́n n kò fà á náà.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́! Mo gbọ́, ìyàwó, fà mí!"

Ìgbà náà ni mo fà á. Mo fà á pẹ̀lú gbogbo ìbínú mi, ìyẹn ò sì kéré. Ṣùgbọ́n Ìbàdíàrán sanra jù mí lọ. Dípò kó gòkè wá, èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, orí ni mo sì fi wọlé.

Ọ̀gbẹ́ni ẹnu ọ̀nà ti gbọ́ ariwo. Ó sáré dé, ó dúró sókè, ó ń wò wá bí ẹni rí ẹja tí kò mọ irú rẹ̀.

"Mo ní kẹ́ ẹ yà sí òsì," ó wí, bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ó na ọwọ́. "Ta ni kí n kọ́kọ́ fà nínú yín?"

"Èmi," Ìbàdíàrán dá a lóhùn. "Èmi ni àgbà."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo tèmi, ó tún wo irun funfun tó wà lórí mi lábẹ́ ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

"Ìyàwó ni mí," mo ṣàlàyé. "Ẹ fa àwọn ṣáájú."

Awakọ̀ kan ló gbé wa padà sí Bàrígà, lẹ́yìn tó ti tẹ́ ọ̀rá sórí ìjókòó. Ìbàdíàrán ń fi fóònù tẹ nǹkan ránṣẹ́ ṣáá, mo sì mọ ẹni tó ń ránṣẹ́ sí. Nígbà tí mo wẹ̀ tán tí mo jáde sí pálọ̀, Bàbá Àgbà ti jókòó. Òun ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pátápátá, díákónì ni, Ṣómólú ló ń gbé. Ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo fáànù òkè bíi pé fáànù náà ló pe ìpàdé. Mọ́rẹ́nikẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó fa ojú ro. Báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ti ní kó dì í.

"Ìyàwó," Bàbá Àgbà wí, "ṣé lóòótọ́ lo la ẹnu pe orúkọ ọmọ ilé yìí?"

"Lóòótọ́ ni, sà."

"Lójú àjèjì?"

"Ọ̀bọ ló pọ̀ jù níbẹ̀, sà."

Mọ́rẹ́nikẹ́ bo ẹnu. Bàbá Àgbà hú ikọ́. "Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe?"

"Mo mọ̀, sà."

Mo kúnlẹ̀ kí ó tó ní kí n kúnlẹ̀. Eékún mi tó bó ń ta mí, mo kúnlẹ̀ lé e náà. Mo yíjú sí obìnrin tó jókòó sórí àga ìnàyìn pẹ̀lú táwẹ̀lì lórí.

"Ìbàdíàrán mi, ẹ má bínú. Mo pe orúkọ yín. Kò yẹ kí n pè é. N kò ní pè é mọ́."

Wọ́n ń retí kí n fi kún un.

"Ó tán?" Bàbá Àgbà bi mí.

"Ó tán, sà. Orúkọ ni mo ṣẹ̀ sí. Ohun tí mo sọ tẹ̀ lé orúkọ, n kò ṣẹ̀ sí i."

"Kí lo sọ tẹ̀ lé e?"

Mo wo Ìbàdíàrán. Kò tíì sọ ìyẹn fún Bàbá Àgbà, ó hàn. Tó bá sọ ọ́, á ní láti sọ pé kò sí ẹni tó bi mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi táwẹ̀lì nu etí tó ti gbẹ.

"Mo ní ọmọ mi ò lọ sí Ìbàdàn, sà. Mo tún sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀ mi yìí: kò lọ."

Bàbá Àgbà yí ọrùn sí ọkọ mi. "O ní ẹ ti fẹnu kò."

"Mo... a ti sọ ọ́."

"Ìwọ àti ta ni?"

Ọkọ mi gbé ojú kúrò lára fáànù nígbẹ̀yìn. Ó wo báàgì tó wà nílẹ̀. Ó wo èmi tí mo kúnlẹ̀. Mo rò pé á tún ní kò burú. Ká ní ó sọ ọ́, èmi àti òun kì bá tíì parí ìjà náà títí dòní.

"A ò bi í," ó wí. "Ó burú."

Bàbá Àgbà ní kí n dìde. Ó ní ti orúkọ ti tán, nítorí mo ti kúnlẹ̀ fún un. Ti ọmọ, kí ìyá rẹ̀ lọ tú báàgì rẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ ò dúró dè mí. Ó ti gbé e wọ yàrá kí n tó na ẹsẹ̀ tán.

Ìbàdíàrán lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Sọ́ńdè láìmú ẹnikẹ́ni dání. Mo gbé báàgì rẹ̀ dé ibi ọkọ̀, mo kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, ó sì fi gbogbo imú dá mi lóhùn. Mọ́rẹ́nikẹ́ ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì báyìí. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀, èmi ni mo sì ń lọ̀ ọ́ fún un tó bá wálé. N kì í jẹ́ kó bá mi lọ̀ ọ́.

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́, màá sọ fún un pé "rárá" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé rìn. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí fèrèsé, ìgbà yẹn ló yẹ kí n nu ọwọ́, kí n wọ pálọ̀, kí n sì sọ ọ́, níbi tí ilẹ̀ ti le, tí ẹsẹ̀ mi ti gbẹ. Mo gbé e sẹ́nu kọjá òkun àti ọ̀sà, mo pọ́n ọn yí igbó po, nígbà tí n ó sì gbé e kalẹ̀, inú irà ni. Mo rántí rẹ̀ lánàá níbi tí mo ti ń ká ìwé, mo bú sẹ́rìn-ín lójijì, gbogbo ilé ìtẹ̀wé sì yíjú wò mí. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo ní kò sí. Inú ṣì ń bí mi díẹ̀ ni.